Kí ló kan eegun ìhà nínú títún imú ṣe?

(Ọ̀rọ̀ inú voice note alẹ́ Sunday. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò gbé e.)

  

Láti Friday ni àwọn èèyàn ti ń pè mí lórí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ọ̀kan nínú wa, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tí àrùn jẹ ní imú nígbà tó wà ní kékeré. Mi ò ní dárúkọ wọn. Àwọn dókítà ní àwọn lè tún imú náà ṣe, àmọ́ àwọn máa mú eegun díẹ̀ níhà rẹ̀. Bí àwọn ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe gbọ́ "eegun ìhà", wọ́n ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ẹnì kan ní wọ́n fẹ́ fi ṣoògùn ni. Ẹlòmíì ní, imú ló ń ṣe ọmọ, kí ló kan àyà? Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, ó sì ní ìdáhùn. Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ pé mo ṣe nọ́ọ̀sì ní yàrá iṣẹ́ abẹ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí ta aṣọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Orúkọ àrùn yẹn ni noma. Kì í ṣe noma tí àwọn Hausa ń pe iṣẹ́ oko o. Èdè Gíríìkì ni tiwa yìí ti wá, ó dà bí ìgbà tí ẹran bá ń jẹko, torí pé ńṣe ló ń jẹ ojú lọ. Àwọn Hausa kan ń pè é ní ciwon iska, àìsàn afẹ́fẹ́. Ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà ló máa ń mú jù, pàápàá èyí tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ, tí éèyi tàbí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Èrìgì ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, ẹnu á máa rùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, kò sì ní pẹ́ tí ara ibẹ̀ á fi kú tí á sì já. Tí wọn ò bá tọ́jú ẹ̀, ó lè pa ọmọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Kì í ràn. Kì í ṣe èpè. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé.

Ó yá, ká wá sórí imú. Ẹ wo àtíbàbà tí ẹ ń ta ọjà lábẹ́ ẹ̀. Tapólì wà lókè, òpó ló gbé e dúró. Tí ẹ bá yọ òpó, tapólì á wó lé yín lórí. Bí imú ṣe rí nìyẹn. Awọ ló wà lóde, awọ tínrín mìíràn wà nínú ihò imú, eegun rírọ̀ ló wà láàárín méjèèjì. Eegun rírọ̀ yẹn ni irú èyí tí ẹ máa ń rún lẹ́nu tí ẹ bá ń jẹ ẹran, tí àwọn ọmọ ń pè ní biscuit bone. Noma ti jẹ gbogbo rẹ̀ lọ. Tí dókítà bá kàn fi awọ bo ojú ibẹ̀ láìfi òpó sí i, bí egbò ṣe ń jinná ni awọ á máa sún kì. Imú á tẹ́ pẹrẹsẹ, ihò rẹ̀ á dí, ọmọ ò ní rí ibi mí.

Awọ tòde, iwájú orí ni wọ́n sábà máa ń gé e sí. Wọn ò ní gé e kúrò pátápátá. Wọ́n á yí i wálẹ̀ sórí imú, wọ́n á fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú ẹ̀ sílẹ̀. Tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí awọ ti mú ilẹ̀, wọ́n á wá gé ìdí ẹ̀. Láyé àtijọ́ ni wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀ ní Íńdíà.

Òpó wá ńkọ́? Eegun rírọ̀ wà ní etí, àmọ́ ó kéré, ó tún tẹ̀. Eegun àárín imú fúnra rẹ̀ ti bá àrùn lọ. Rọ́bà wà, ṣùgbọ́n lójú tó ti ní àpá báyìí, ó lè kó kòkòrò tàbí kó gún awọ yọ síta. Ìhà ló kù. Níbi tí eegun ìhà ti fẹ́ kan eegun àárín àyà, kì í ṣe eegun líle mọ́, ó ti di rírọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un, nínú ìhà kẹfà sí ìkẹjọ lọ́pọ̀ ìgbà. Wọn kì í ṣí ọkàn, wọn kì í gé ẹ̀dọ̀fóró. Lára obìnrin, wọ́n lè gba abẹ́ ọmú kí àpá má bàa hàn. Dókítà á fi ọ̀bẹ gbẹ́ eegun náà bí ẹni gbẹ́ igi, á sì tò ó sí ojú ọmọ yẹn kan náà. Ara ẹ̀ ló ti kúrò, ara ẹ̀ ló padà sí.

Mi ò ní pa irọ́ fún yín pé kò léwu. Àyà á dùn ún, pàápàá tó bá ń wúkọ́. Awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró lè lu, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ibẹ̀ wò kí wọ́n tó rán an. Eegun náà lè wọ́, ó lè kó kòkòrò. Ẹnu tí noma bá ti dè pa tún máa ń jẹ́ kí oògùn oorun ṣòro fún wọn láti fún un. Kì í sì í ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀ẹ̀kan. Imú náà ò ní rí bí èyí tí Ọlọ́run dá gan-an. Àmọ́ á mí, á sì lè jókòó láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀ láìfi ìbòrí bo ojú. Ọmọ tí imú ẹ̀ ṣì ń dàgbà, wọ́n lè ní kó dúró. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógún ti kúrò ní kékeré.

Àwọn tó ń sọ pé ká ta ṣọ́ọ̀bù ká gbé e lọ Èkó, ẹ fara balẹ̀. Sókótó níbí ni ọsibítù noma wà, ó ti ṣí láti 1999. MSF, àwọn dókítà tí kò mọ ààlà, ti ń tì í lẹ́yìn láti 2014. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú. Ikọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń wá síbẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Mulikat Okanlawon, ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa, noma ṣe é ní kékeré, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Sókótó, ó sì di òṣìṣẹ́ ọsibítù yẹn. Òun àti Fidel Strub ló dá ẹgbẹ́ Elysium sílẹ̀ fún àwọn tó yè nínú noma. Ní December 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi noma sínú àwọn àrùn tí aráyé gbàgbé. Nàìjíríà wa yìí ló ṣáájú ẹ̀bẹ̀ náà.

Bàbá ọmọ, tí ohùn mi bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ má fọwọ́ síwèé láìbéèrè, ẹ má sì kọ̀ láìbéèrè. Ẹ bi dókítà pé: ìhà wo lẹ máa gé? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ṣe é? Ta ló máa wò ó tí ẹ bá ti lọ? Lẹ́yìn náà, ẹ bi ọmọ fúnra ẹ̀. Òun ló ni imú, òun náà ló ni ìhà.

Ẹ̀yin ìyá tó kù, tí èrìgì ọmọ yín bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tí ẹnu ẹ̀ ń rùn, ẹ má fi iyọ̀ nìkan fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ padà sọ́jà. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Oògùn apakòkòrò àti oúnjẹ gidi ní ìbẹ̀rẹ̀ lè dá a dúró, tí ẹnikẹ́ni ò fi ní gé ìhà kankan. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi sílẹ̀ síbí, màá dáhùn lẹ́yìn ọjà lọ́la. Ó dàárọ̀ o.