Kíka Ọjọ́ àti Kíkọ Ọjọ́ Sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀

Ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955, nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí ni kò lè sọ iye ọdún ọmọ tí wọ́n mú wá. Olùkọ́ a ní kí ọmọ náà na ọwọ́ gba orí kọjá. Bí ọwọ́ bá kan etí kejì, ó tó ilé-ìwé lọ. Bí kò bá kàn án, a padà sílé, ìbáà jẹ́ pé ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó.

Kì í ṣe pé àwọn òbí wọ̀nyí kò mọ ọjọ́ kà. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, àti ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó. Nítorí pé àwọn àgbà a máa ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ti ìparí, ọjà tí a ń ná ní ọjọ́ kẹrin-kẹrin ni wọ́n ń pè ní ọjà ọrọọrún. Bákan náà ni ìtàdógún, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàdínlógún, kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, èyí tí í ṣe ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Ọ̀sẹ̀ yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ọjọ́ Ògún bá bọ́ sí Sátidé lónìí, ó di ọjọ́ 28 sí i kí ó tó tún bọ́ sí Sátidé.

Àwọn ọdún ìbílẹ̀ náà ní àkókò tiwọn. Ní ọdún Ọlọ́jọ́, Ọọ̀ni a fi ara pamọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà a dé Adé Àrè, a sì jáde lọ sí Òkè Mògún. Ìtàpá wà fún Ọbàtálá, Edì sì wà fún ìrántí Mọ́remí. Ọmọ tí a bí ní àkókò ọdún ń jẹ́ Abíọ́dún. Èyí tí a bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ń jẹ́ Abọ́sẹ̀dé. Orúkọ pàápàá di kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n Abíọ́dún méjì lè wà ní agbo ilé kan, kí ọ̀kan fi ogún ọdún ju èkejì lọ, orúkọ kò ní sọ ọ́.

Ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá ni àwọn àgbà fi ń dí àlàfo yìí. Ẹni tí a bí nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ìgbà ogun Jámánì, ọdún 1918 ni. Ẹni tí a bí ní ọdún tí Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí gorí oyè, ọdún 1930 ni. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Ẹ̀bibi 1947, òṣùpá bo oòrùn lójú lọ́sàn-án ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Bí ìyá kan bá rántí pé ìtàdógún lẹ́yìn ọjọ́ náà ni òun bímọ, ọjọ́ 5 oṣù Òkúdu ni, Ọjọ́bọ̀ sì ni. Ìṣirò náà kò yẹ̀ rárá. Àmọ́ bí ìyá náà bá kú láì sọ ọ́ fún ẹnìkan, ó ti bá a lọ.

Lónìí, ìwé Àjọ Ìkànìyàn ni ilé-ẹ̀kọ́ ń béèrè, ó sì yẹ kí gbogbo ọmọ ní in. Ìwé yẹn kò ní àyè fún ọjọ́ Ògún, bẹ́ẹ̀ ni kò bèèrè bóyá Edì ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Àwọn ìdílé mìíràn ti ń kọ ìyẹn sí èèpo ẹ̀yìn Bíbélì tàbí sí ìwé àkọsílẹ̀ kékeré: ọjọ́ oṣù, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀, ọdún tí wọ́n ń ṣe, àti orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́.