Fífi Omi Iyọ̀ Fọ Imú

Inú egungun ojú kò dí pa. Ihò mẹ́rin ló wà níbẹ̀ ní apá ọ̀tún, mẹ́rin ní apá òsì: ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní iwájú orí, láàárín ojú méjèèjì àti lẹ́yìn imú lọ́hùn-ún. Imú ni ikun tó ń sun nínú wọn ń gbà jáde, ọ̀nà rẹ̀ sì tóóró. Bí eruku, ìgbẹ́ aáyán tàbí irun ẹran ọ̀sìn bá wọ imú ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ wọ́n, awọ inú imú á wú, ọ̀nà á dí, ikun á sé mọ́ inú. Sísín, imú dídí àti orí fífọ́ ló ń tẹ̀lé e. Nígbà ọyẹ́, eruku tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá máa ń dá kún ìnira yìí.

Fífọ imú ni pé kí omi iyọ̀ gba ihò imú kan wọlé, kó gba ìkejì jáde, kó gbá eruku àti ikun tó ki lọ. Àwọn tó ń ṣe yoga ní Íńdíà ti ń ṣe é tipẹ́tipẹ́. Jala neti ni wọ́n ń pè é. Kì í wo àìsàn náà tán, ṣùgbọ́n ó ń mú un fúyẹ́, oògùn tí dókítà ní kí a fín símú a sì tún lè dé ibi tó yẹ.

Omi gan-an ló gba ìṣọ́ra jù. Kòkòrò tíntìntín kan wà tó ń gbé inú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, Naegleria fowleri. Ẹni tó bá mu ún kò ní í rí ìjà rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá gba imú wọlé, iṣan tí a fi ń gbọ́ òórùn ló máa tọ̀ dé ọpọlọ, ẹni tó sì ń yè é kò tó nǹkan. Ní ọdún 2011, ènìyàn méjì kú báyìí ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, nítorí wọ́n fi omi ẹ̀rọ fọ imú. Ní Karachi ní Pakistan, àwọn oníṣègùn rí àìsàn kan náà lára àwọn tí kò wẹ̀ lódò rárá, wọ́n sì fura sí omi àlùwàlá tí wọ́n fà símú. Nítorí náà, omi kànga, omi ẹ̀rọ àti omi inú ọ̀rá gbọ́dọ̀ hó yaya fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kí a sì dé e kó tó tutù.

Gíráàmù iyọ̀ 9 ló yẹ lítà omi kan, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan àbọ̀ tí a rẹ́ lórí. Omi tí kò ní iyọ̀ máa ń ta imú. Ẹni tó ń fọ̀ ọ́ á tẹ̀ síwájú, á dorí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì máa fi ẹnu mí. Kí ó rọra fun imú lẹ́yìn rẹ̀, kó má dí ihò méjèèjì pọ̀, kí ikun má baà sáré wọ etí. Kí ó fọ ohun èlò náà, kó sì jẹ́ kó gbẹ.

Ẹni tí etí ń dùn, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ imú fún, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà. Bí ibà bá gbóná, tí ìpéǹpéjú wú tàbí tí ojú kò ríran dáadáa mọ́, kí ẹnikẹ́ni má dúró fọ imú nílé: ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà.