Àwọn Aládùúgbò Jẹjẹrẹ: Ìdí Tí Ìtànṣán Fi Ń Ṣiṣẹ́ Lára Ẹnìkan Ju Ẹlòmíràn Lọ

Bóyá inú mọ́tò lẹ wà ni o, bóyá ẹ ń fọ abọ́ ni, ẹ fi earpiece yín sétí dáadáa, torí ọ̀rọ̀ tòní kan ìyá wa, ó kan ẹ̀gbọ́n wa, ó sì kan àwa náà.

Ẹ wò ó báyìí: obìnrin méjì ní jẹjẹrẹ ọyàn, irú kan náà, ìpele kan náà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn méjèèjì, wọ́n sì fún wọn ní ìtànṣán, ìyẹn radiotherapy. Ọ̀kan gbádùn, àrùn padà sára èkejì. Kíá, ẹnu á ti bẹ̀rẹ̀: "Ayé ló ń bá a jà." "Kò ní ìgbàgbọ́ tó." Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí sáyẹ́ǹsì rí.

Àkọ́kọ́ ná, ìtànṣán ń ṣiṣẹ́ o. Ní 2011, àwọn onímọ̀ kó àbájáde ìwádìí 17 jọ, obìnrin 10,801 ló wà nínú rẹ̀. Lára àwọn tí wọ́n yọ kókó náà fún láìgé ọyàn wọn kúrò, àwọn tí kò gba ìtànṣán, àrùn padà sára nǹkan bíi 35 nínú 100 láàárín ọdún 10. Àwọn tó gbà á, nǹkan bíi 19. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Àmọ́, àwọn 19 yẹn ńkọ́?

Ohun tí ìtànṣán ń ṣe ni pé ó ń já DNA inú sẹ́ẹ̀lì. Tó bá já a kọjá àtúnṣe, sẹ́ẹ̀lì náà á kú. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í dá gbé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì gidi ló yí i ká: fibroblast tó ń hun okùn tó so ẹran ara pọ̀, òpó ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá, àtàwọn ọmọ ogun ara. Àwọn àgbà ní àgùntàn tó bá bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́. Bí fibroblast bá pẹ́ lọ́dọ̀ jẹjẹrẹ, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é lẹ́yìn.

Báwo ló ṣe ń gbè é? Ikọ̀ Andy Minn ní Yunifásítì Pennsylvania, l'Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Cell ní 2014. Wọ́n rí i pé fibroblast máa ń di RNA sínú àpò bíńtín, á fi ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọyàn tó wà nítòsí. Ó dà bí ẹni tó fi voice note ránṣẹ́ sólè pé ọlọ́pàá ń bọ̀. Iṣẹ́ náà á ta àwọn kan jí nínú jẹjẹrẹ, wọ́n á sì yè bọ́ lọ́wọ́ ìtànṣán. Nígbà tí wọ́n fi oògùn dí ọ̀nà tí iṣẹ́ yẹn ń gbà lára eku, ìtànṣán tún wá ràn án.

Ọ̀nà míì tún wà. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ní ọwọ́ tó fi ń di àyíká rẹ̀ mú, integrin lorúkọ rẹ̀. Ní 2008, Catherine Park, Mina Bissell àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kalifọ́níà dí ọwọ́ yẹn lára eku, wọ́n sì fi ìtànṣán kún un. Jẹjẹrẹ náà rọlẹ̀ ju ti ìtànṣán nìkan lọ. Ẹ má gbàgbé ọ́síjìn náà: níbi tí òpó ẹ̀jẹ̀ bá ti wọ́, tí ọ́síjìn ò dé dáadáa, ìtànṣán kì í lágbára tó.

Kí la rí dì mú? Bí àrùn bá padà, kì í ṣe ẹ̀bi aláìsàn. Àdúgbò inú ara rẹ̀ lè wà lára ohun tó fà á, kò sì sẹ́ni tó ń yan ìyẹn fúnra rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ pa á.

Ìkejì, bí dókítà bá ti ka iye ọjọ́ ìtànṣán fún màmá yín, ẹ bá a parí gbogbo rẹ̀. Àwọn oògùn tí mo mẹ́nu bà yẹn, ìwádìí lára eku ni, nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń ta àgbo tó ń "tún àdúgbò jẹjẹrẹ ṣe" fún yín, ẹ di owó yín mú.

Tẹ́ ẹ bá sì fọwọ́ kan kókó lọ́yàn, ẹ má dúró, ilé ìwòsàn ni.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí group ẹbí yín. Ó dìgbà kan ná.