Ọ̀rọ̀ Àpótí Agídìgbo Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Ìta-Ògbólú)

 

Gbogbo wa ni a rántí ọjọ́ tí a ń dágbére fún bàbá wa tí ó fẹ̀yìntì. A gbé agídìgbo ẹgbẹ́ síta, a gbé máíkì sí ẹnu ihò rẹ̀, a sì tan gbohùngbohùn. Kí bàbá tó gbọ́ oríkì ara rẹ̀, ariwo “hùùù” ti gba gbogbo ọgbà. Àwọn ọmọdé di etí. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo; lọ́jọ́ náà, kò sí òwe níbẹ̀, ariwo lásán ni. Bàbá fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tì wá. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ pé kí a fi àpótí náà dáná, kí a fi owó tí a dá jọ ra gìtá báàsì oníná. (A kò ní dárúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ iná. Iwájú ni ó kúkú jókòó sí.)

A kò bá gìtá jà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́ kí a tó dìbò ni pé a ti dá ẹjọ́ kí a tó wádìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú un láti orí iṣẹ́ wa. Awakọ̀ tí ó bá ti wa bọ̀lẹ̀kájà rí mọ̀ pé ẹ́ńjìnì kan náà, bí a bá gbé e sínú bọ́dì onígi, ọ̀tọ̀ ni bí yóò ṣe dún. Bí a bá gbé e sínú bọ́dì onírin, ọ̀tọ̀ ni. Bóòtù kan ṣoṣo tú lẹ́yìn, gbogbo ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun èlò orin. Ẹ fi irin agídìgbo kan mọ́ orí òkúta, kí ẹ ta á: ẹni tí ó jókòó tì yín lè má gbọ́ ọ. Irin tín-ín-rín kò lágbára láti ti afẹ́fẹ́. Pákó ojú àpótí ni ó ń gba ìgbọ̀n lọ́wọ́ irin, tí ó sì ń fi ojú rẹ̀ gbooro ti afẹ́fẹ́ dé etí wa.

Àwọn ará wa tí ń ṣiṣẹ́ ní sọ́míìlì mọ èyí ju àwa lọ. Igi ọ̀mọ̀ fúyẹ́, ó sì ń dún, ìdí nìyí tí àwọn agbẹ́lù fi fẹ́ràn rẹ̀. Bí pákó ojú àpótí bá fẹ́lẹ́, ohùn a jáde kíákíá, a sì tètè kú. Bí ó bá nípọn, ohùn a kéré, ṣùgbọ́n a pẹ́ díẹ̀. Bí ó bá fẹ́lẹ́ jù, a tẹ̀, a sì là.

Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó le jù láti mú jáde. Okùn tí ó nípọn jùlọ lára báàsì onígi ńlá, èyí tí àwọn òyìnbó ń gbé dúró bí ènìyàn, ń gbọ̀n ní ìgbà 41 láàrin ìṣẹ́jú àáyá 1, ìgbì rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ sì gùn ju mítà 8 lọ. Lọ́rì odindi kan nìyẹn! Àpótí kékeré kò lè gbé e. Ìdí nìyí tí inú báàsì náà fi tóbi bẹ́ẹ̀, tí a sì gbẹ́ ihò sí ojú rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ inú lè bá pákó ṣiṣẹ́. Ẹ fẹ́ ẹnu sí ìgò òfìfo, yóò dún. Ìgò ńlá a dún nísàlẹ̀, ìgò kékeré a dún lókè. Bí ẹnu ìgò bá sì fẹ̀ sí i, ohùn rẹ̀ a gòkè.

Níbí ni ó ti kàn wá. Ta ni ó fi ayùn fẹ ihò agídìgbo wa kí máíkì lè wọlé? Àwa ni. Ta ni ó kun ún ní ọ̀dà ẹlẹ́pò lẹ́ẹ̀mẹta kí ó lè dán bí ọkọ̀ tuntun? Àwa náà ni. A gbé ẹrù lé pákó lórí, a ba ohùn ìsàlẹ̀ jẹ́, a wá ní àpótí kò dára mọ́.

Bẹ́ẹ̀ àpótí yìí kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí ó kú ní 1983, lo agídìgbo nínú àpàlà rẹ̀. Fatai Rolling Dollar, tí ó kú ní 2013, lù ú fún wa ní Èkó. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ wà lókè òkun pẹ̀lú: àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà ṣe àpótí onírin tí wọ́n ń pè ní marímbula, òun ni ó sì ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ olórin wọn kí báàsì ńlá tó gba ipò rẹ̀.

Nígbà tí iná wọ ọ̀rọ̀ báàsì, ọ̀nà pín. Àwọn kan gbẹ́ ẹ ní igi dídì, tín-ín-rín bí ọ̀pá. Igi dídì kì í gba agbára púpọ̀ lọ́wọ́ okùn, nítorí náà ohùn a pẹ́, kì í sì í tètè hu. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, ó di odi. (Ẹ̀yin náà mọ iye ìgbà tí iná ń lọ.) Àwọn mìíràn fi inú rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣófo. Ohùn a jáde “bùm”, a sì kú, bí ìlù. Ṣùgbọ́n ariwo gbohùngbohùn lè wọ inú rẹ̀, kí ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, kí máíkì tún gbé e, kí ó máa yí po títí yóò fi hu. Ní 1962 ni ilé-iṣẹ́ Ampeg ní Amẹ́ríkà gbé Baby Bass jáde: bọ́dì rẹ̀ jẹ́ ike, inú rẹ̀ ṣófo, ohun tí ń gbọ́ ìgbọ̀n sì wà lábẹ́ igi kékeré tí okùn gbára lé. Àwọn onísálúsà ní New York fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nítorí ohùn kúkúrú, ohùn róbótó yẹn.

Ṣé ẹ rí i pé kò lo máíkì? Ẹ wo mẹkáníìkì wa. Bí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń kan, kì í dúró lókèèrè kí ó na etí. Ó ń fi ẹnu sukudiráfà kan irin, ó sì ń fi èkù rẹ̀ sí etí. Ohun tí agídìgbo wa nílò nìyẹn. Ohun pẹlẹbẹ kan wà bíi kọ́bọ̀ nínú aago tí ń ké, èyí tí ń dún pí-pí-pí. Bí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú pákó, nítòsí ìdí irin, yóò máa gbọ́ ìgbọ̀n pákó fúnra rẹ̀, kì í ṣe ariwo ọgbà. Ṣùgbọ́n kí atúnrédíòṣe fi ẹ̀rọ kékeré sí àárín òun àti ampulifáyà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohùn ìsàlẹ̀ yóò sọnù. Kí gbohùngbohùn sì wà níwájú, kí ó kọjú sí èrò, kí ó má ṣe kọjú sí wa.

Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó kàn án ṣì wà láàyè. A ti lọ bá a. Ó wo ọ̀dà náà, ó mi orí, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní òun yóò ha ọ̀dà kúrò, òun yóò sì fi òrùka pákó dín ihò kù. Owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá owó gìtá.

Àpótí náà nìyí lórí tábìlì akọ̀wé. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án kí a tó dìbò bọ́ síwájú, kí ó ta irin àárín, kí ó sì tẹ́ ọwọ́ sí ẹ̀yìn àpótí.