Ẹ Má Ta Máṣíìnì Ìránṣọ Àtijọ́ Fún Onírin

Ọ̀rọ̀ máṣíìnì ìránṣọ àtijọ́ la mú wá lónìí, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí tàbí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé ló ní ọ̀kan ní kọ̀rọ̀. Ìyá tó ni ín ti kú, tàbí télọ̀ ti ra tuntun. Ó ti dípẹtà, adìẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹni tó ń ra irin àlòkù bá dé, á gbé e lórí òṣùwọ̀n, á san owó irin. Ẹ má tà á o! Owó irin kì í ṣe owó máṣíìnì.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Bí ẹ bá ka Singer lára rẹ̀, tí ẹ sì rí 15K, lẹ́tà K yẹn dúró fún Kilbowie, ní ìlú Clydebank, ilẹ̀ Scotland. Ilé iṣẹ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1885, wọ́n tì í pa ní 1980. Máṣíìnì yẹn ti lé ní ogójì ọdún nìyẹn. Irin rẹ̀ nípọn, ṣùgbọ́n irin dídà ni: kì í tẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ má fi òòlù lù ú.

Bí kò bá yí mọ́, kì í sábà ṣe pé nǹkan kan kán nínú rẹ̀. Òróró àtijọ́ ló gbẹ tó dà bí oje igi. Àwọn ènìyàn a máa kán epo pupa tàbí òróró ẹ̀pà sí i. Á yí dáadáa lọ́jọ́ náà; nígbà tó bá yá, á lẹ̀ pọ̀ gírígírí.

Ẹ jìnnà sí iná. Ẹ gbá eruku àti ìwù òwú kúrò, pàápàá lábẹ́ eyín tó ń fa aṣọ. Ẹ kán epo àtùpà sí gbogbo ihò òróró, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ wá mi àgbá rẹ̀ síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹ tún kán an. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má lo epo mọ́tò, iná tètè ń mú un. Bó bá ti ń yí, ẹ nù ún, kí ẹ wá fi òróró máṣíìnì gan-an sí i. Ẹ̀kán kan tó fún ihò kan.

Ìdè tí ẹ bá tú, ẹ kó o sínú ife, kí ẹ kọ ibi tó ti wá sórí ìwé. Ìwé tí ẹ ń kọ́ wúlò níbẹ̀! Ìdè Singer ní eyín tirẹ̀, ti kẹ̀kẹ́ kò lè bá a mu. Bí awọ tó ń yí àgbá bá ti já, oníbàtà lè gé òmíràn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1979, Tools for Self Reliance. Irinṣẹ́ àtijọ́ tí àwọn ènìyàn fẹ́ jù nù ni wọ́n gbà, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì kó o ránṣẹ́ sí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Áfíríkà. Àwa ní tiwa nílé, a ń tà á fún onírin.

Abẹ́rẹ́ àtijọ́ ni kí ẹ sọ nù. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì tí wọ́n ní ó ti kú, abẹ́rẹ́ tó kújú, tàbí tí wọ́n fi sódì, ni àrùn rẹ̀. Ẹ fi tuntun sí i, kí ẹ yí àgbá sí ọ̀dọ̀ ara yín, kí ẹ kọ́kọ́ rán àkísà méjì pọ̀.