Ẹ̀rọ Switch fún Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa: Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Bèèrè Kí A Tó San Owó

Ẹgbẹ́ ti pinnu láti ra ẹ̀rọ tí yóò so àwọn kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ wa pọ̀, ẹ sì ti pè wá láti ṣàlàyé rẹ̀.

Switch ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe èyí tí a fi ń tan iná. Àpótí pẹlẹbẹ ni, tí ó ní ihò tí a ń ti wáyà kọ̀ǹpútà bọ̀. Hub, tí ó ṣáájú rẹ̀, dà bí akéde: ohun tí ó bá gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan, gbogbo ìlú ni yóò ké e fún. Ṣùgbọ́n switch dà bí ìránṣẹ́ tí ó mọ ilé olúkúlùkù. Ẹni tí a bá rán an sí ni yóò jíṣẹ́ fún.

Ìbéèrè kìíní ni ti agbára. Bíìtì ni ẹyọ tí a fi ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Bí ihò bá jẹ́ 24, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé bílíọ̀nù kan bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ní àlọ àti ní àbọ̀, àpótí náà gbọ́dọ̀ lè gbé bílíọ̀nù 48. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó dà bí ọjà tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n tí àárín rẹ̀ há.

Ìkejì ni ti iná. Àwọn switch kan máa ń gba inú wáyà kan náà fún kámẹ́rà àti ẹ̀rọ Wi-Fi ní iná. Ìlànà tí àjọ IEEE gbé jáde ní 2003 fún ihò kan ní wáàtì 15.4. Bí gbogbo ihò 24 bá bèèrè rẹ̀, ó di wáàtì 369.6. Ẹ jẹ́ kí a wo iye tí àpótí lè pèsè fún gbogbo wọn lápapọ̀.

Ìkẹta dùn wá jù, nítorí àwa ni a jẹ̀bi. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, a rí orí wáyà kan nílẹ̀, a sì tì í bọ ihò tí ó ṣófo. A kò mọ̀ pé orí kejì ti wà nínú àpótí kan náà. Iṣẹ́ kan wà tí switch pàápàá gbọ́dọ̀ kéde fún gbogbo ihò. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí po, ó ń pọ̀ sí i, títí ohun gbogbo fi dákẹ́. Ọjọ́ méjì ni àwọn ọmọ fi jókòó lásán, ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. A bá iná wí, a bá òjò wí. Ọwọ́ wa ni. Bẹ́ẹ̀ ni Radia Perlman, obìnrin ará Amẹ́ríkà, ti wá ojútùú rẹ̀ ní 1985. Spanning Tree ni a ń pè é: switch á mọ ọ̀nà tí ó yí po, á sì dí i. Àpótí olówó pọ́ọ́kú tí a lò kò ní in.

Obẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. A kò ní kí a ra èyí tí ó wọ́n jù. A ní kí ẹni tí a bá rán lọ sí ọjà mú ìbéèrè mẹ́ta yìí lọ́wọ́, kí ó sì gba ìdáhùn ní kíkọ. Òógùn ojú ọmọ ìlú ni owó yìí, ọjọ́ iwájú àwọn ọmọ wa ni a sì fẹ́ fi rà.

Kí Ọlọ́run gbé ìlú wa ga. Àmín.