Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Péré

Ní ọjọ́ 22 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, ọkọ̀ òfuurufú Boeing 707 kan gbéra ní Jeddah, ó ń kó àwọn tí ó lọ ṣe iṣẹ́ Hájì bọ̀ wá sí Èkó. Ojú ọjọ́ Èkó kò dára, awakọ̀ sì yí orí ọkọ̀ sí Kánò. Bí ó ti ń balẹ̀ níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣẹ́, tí ó sì gbiná. Nínú ènìyàn 202 tí ó wà nínú rẹ̀, 176 ni ó ṣòfò ẹ̀mí. Orí ilẹ̀ ni ọkọ̀ náà wà, kì í ṣe òkè. Nínú pápá ọkọ̀ òfuurufú gan-an ni.

Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣe wà ní Douala, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, tí ó ń kọ́ àwọn panápaná pápá ọkọ̀ òfuurufú. Kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ tí à ń pè ní ASECNA ni ó ni ín. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1959, nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Áfíríkà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Saint-Louis, ní Sẹ̀nẹ̀gà, pé ẹgbẹ́ kan ni yóò máa bójú tó òfuurufú gbogbo wọn. Dahomey, tí í ṣe Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ nísinsìnyí, wà nínú wọn. Kò sí èyí tí ó lè dá gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí ó yẹ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì pín in: ọ̀kan wà ní Niamey, ọ̀kan ní Dakar, iná sì kan Douala.

Iná ọkọ̀ òfuurufú kì í ṣe iná ilé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún gálọ́ọ̀nù epo ni ọkọ̀ ńlá ń gbé sínú apá rẹ̀. Omi lásán kò ràn án, nítorí epo a máa léfòó lórí omi, a sì máa jó lọ. Fòófò ni ó ń bò ó mọ́lẹ̀ bí aṣọ. Òfin àgbáyé ni pé kí panápaná dé ibikíbi lójú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí fòófò sì ti máa tú. Méjì ni wọn ìbá tilẹ̀ fẹ́. Ìwé kíkà nìkan kò lè fi èyí kọ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti wọ inú irin tí wọ́n ṣe bí ọkọ̀ òfuurufú, tí wọ́n sì ti iná bọ̀, kí ó fi ọwọ́ wá ọ̀nà nínú èéfín, kí ó sì fa ẹni tí kò lè rìn jáde.

Àwọn èrò a máa rí panápaná tí wọ́n jókòó ti ọkọ̀ wọn, wọn a sì wí pé owó oṣù ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbà. Ọ̀rọ̀ àìmọ̀ ni. Panápaná lè ṣe iṣẹ́ 20 ọdún kí ó má rí bàálù tí ń jó, ọwọ́ tí kò bá sì ṣiṣẹ́ a máa dógùn-ún. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ máa padà sí ẹnu iná láti ìgbà dé ìgbà. Owó epo tí a fi ń dáná ìdánrawò yìí ni ó sì máa ń yá àwọn olùṣirò owó lára láti gé, nítorí kò sí ẹni tí í rí èrè rẹ̀ títí ọjọ́ burúkú yóò fi dé.

Nàìjíríà kò sí nínú ẹgbẹ́ náà. Ilé-ẹ̀kọ́ Sáríà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, ni tirẹ̀. Ní ọdún 2020 ni wọ́n sì gbé bàálù àfarawé kan kalẹ̀ níbẹ̀, tí ó rí bí Boeing 737, kí àwọn panápaná máa fi kọ́ṣẹ́. Ohun rere ni, bí ó tilẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọ bàálù ní Ìkẹjà lọ sí Cotonou, Niamey tàbí Abidjan ti kúrò lọ́wọ́ Sáríà. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ bá ṣẹ́ níbẹ̀, ẹni tí Douala kọ́ ni ó ṣeé ṣe kí ó kọ́kọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn.